Ohùn Inú, Nọ́ńbà Ìta: Ọ̀rọ̀ lórí Alùpùpù Oníwọ̀nba

Ìró ni Yorùbá fi sọ alùpùpù lórúkọ. Kí àwọn ará ìlú tó wá máa pè é ní ọ̀kadà nítorí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, etí ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ohun tí ó ń ké pù-pù-pù bí ó ti ń gun òkè bọ̀ ni a pè ní alùpùpù. Ẹnikẹ́ni kò gba owó orúkọ náà lọ́wọ́ wa. Mo rántí èyí nígbà tí mo kà á pé ní 1994, ilé-iṣẹ́ Harley-Davidson ti ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń fi àmì ọjà sílẹ̀, pé kí wọ́n bá àwọn fi ìró ẹ́ńjìnnì alùpùpù àwọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní, kí ẹlòmíràn má lè ta ohun tí ó ń dún bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà takò wọ́n. Ọdún 6 ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ náà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á padà ní 2000.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà. Èmi kò rí i bí ẹ̀rín. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí lórí ìró gbà pé ìró ni ọkàn ohun tí òun ń tà, mo sì rò pé òótọ́ ni. Ohun tí ó kọ mí lóminú ni bí ilé-iṣẹ́ kan náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe wá ń fi nọ́ńbà ṣe ohun tí ìró ń ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀. Mo ń sọ nípa irú alùpùpù kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní cruiser, tí èmi yóò máa pè ní alùpùpù ìgbafẹ́: èyí tí ìjókòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, tí ẹni tí ó gùn ún a na ẹsẹ̀ síwájú bí ìjòyè tí ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, tí kì í sáré ju bí ó ṣe yẹ ẹni tí ó fẹ́ kí ayé rí òun. Lára wọn ni àwọn kan wà tí a kì í ṣe lọ́pọ̀. Ilé-iṣẹ́ yóò kéde pé 1,500 péré ni, tàbí 750 péré, kò sì ní sí òmíràn mọ́. Alùpùpù oníwọ̀nba ni mo pe ìwọ̀nyí.

Ìbéèrè méjì ni àwọn tí ó fẹ́ràn irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ máa ń bèèrè: ṣé yóò kàn mí, ẹ́ńjìnnì wo ni ó sì wà nínú rẹ̀? Ẹjọ́ tí mo ní sí àwọn alùpùpù oníwọ̀nba tí ó ń jáde láti bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ti gbé èkejì mì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Sílíńdà méjì ni ó ní. Wọ́n na orí sókè bí ìka méjì tí a yà, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì jẹ́ dìgírì 45. Orí ìdè kan ṣoṣo ni a so ọ̀pá písítìn méjèèjì mọ́, ibẹ̀ ni àrà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá ti ṣẹ́ nínú sílíńdà kìíní, ọ̀pá ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ yóò yí dìgírì 315 kí iná ìkejì tó ṣẹ́. Yóò tún wá yí 405 kí ó tó kan ti àkọ́kọ́ padà. Ìró kejì a máa kánjú lé ti ìṣáájú bá, ìdákẹ́ díẹ̀ a sì tẹ̀ lé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ ọ̀dùnkún ni ó ń pè: potato, potato, potato. Wọn kò mọ̀ pé bí àwọn ọmọdé tiwa ti ń ṣe náà nìyẹn, tí wọ́n bá gbọ́ dùndún tí wọn kò mọ ohun tí ó ń wí, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn sí i lẹ́nu.

Lójú onímọ̀-ẹ̀rọ, àléébù ni lílù tí kò dọ́gba yìí. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń lu báyìí a máa gbọn ẹni tí ó gùn ún láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé eyín. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nínú iṣẹ́-ọnà pé àléébù tí a bá tẹnu mọ́ títí lè di àmì ìdánimọ̀. Nígbà tí Honda ti Japan fẹ́ ta alùpùpù ìgbafẹ́ tirẹ̀, Shadow ACE, fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1995, ìdè kan ṣoṣo ni òun náà lò, kí ìró rẹ̀ lè fara jọ ti Milwaukee. Àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí tí ó ń ta gìẹ́gìẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè ẹ̀rí pé iṣẹ́-ọnà ni ọ̀rọ̀ yìí, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin lásán, mo fi èyí jẹ́rìí.

Nígbà kan tí mo ṣe àlejò ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Yorùbá, àbúrò kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní dandan ni kí n rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Harley-Davidson ṣí ní Milwaukee ní 2008. Mo ní kí ni èmi fẹ́ lọ wò níbẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè dé Wisconsin kí ẹ má rí i. Ààfin wọn nìyẹn.” Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ. Ohun tí ó dá mi dúró jù níbẹ̀ kò tóbi, kò sì dán. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1903 tàbí ibi tí ó súnmọ́ ọn, nígbà tí William Harley àti àwọn ọmọ Davidson ń ṣiṣẹ́ nínú ahéré onípákó. Serial Number One ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orí àwo irin kan níta ni nọ́ńbà náà wà o. Nígbà tí àwọn atúnṣe tú u palẹ̀ ni wọ́n rí i pé a ti tẹ 1 sára àwọn irin kan nínú rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò rí i, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi ọwọ́ sí epo tí ó sì tú u. Mo ní kí òǹkàwé mi fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Ní 1999 ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, CVO, fún àwọn alùpùpù tí a kò ní ṣe lọ́pọ̀. FXR2 àti FXR3 ni àkọ́bí rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gùn fẹ́ràn férémù FXR gan-an. Láti 1994 ni wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró, wọ́n sì jí i dìde fún ìgbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Evolution ni wọ́n fi sínú rẹ̀, 80 ní ìwọ̀n ìǹṣì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn àyè inú sílíńdà, èyí tí í ṣe 1,340 cc ní ìwọ̀n tí àwa mọ̀. (Ọ̀kadà tí ó ń gbé wa káàkiri kì í sábà ju 100 tàbí 125 lọ, òǹkàwé lè fojú inú wo ìyàtọ̀ náà.) Ní ọdún yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì tuntun, Twin Cam 88, tí ó jẹ́ 1,450 cc, bọ́ sínú púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù ńlá wọn. Ẹni tí ó ra FXR2, ẹ́ńjìnnì tí ó ń dágbére ni ó rà. Mo gbóríyìn fún ìpinnu yẹn. Ìdí wà tí kò fi lè pọ̀: férémù náà ti lọ, ẹ́ńjìnnì náà ń lọ, ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù ni a pín.

Lẹ́yìn náà ètò yìí yí padà, ó sì di ohun mìíràn tí èmi kò bá jà. Ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi ju ti gbogbo ayé lọ ni wọ́n wá ń fi sínú àwọn CVO. Ní 2007 wọ́n fún wọn ní 110, nígbà tí 96 wà nínú ti àwọn yòókù. Ní 2018 ó di 117. Ní 2023 ó di 121, tí í ṣe 1,977 cc, pẹ̀lú ètò kan tí ó ń yí àkókò tí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣí padà bí eré ti ń le sí i. Ẹni tí ó sanwó púpọ̀ rí ohun tí owó rẹ̀ rà. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kì í dúró sọ́dọ̀ wọn títí láé. Nígbà tí ó di 2016, 110 ti wà nínú Low Rider S, Fat Boy S àti Slim S, tí kì í ṣe CVO rárá; ní 2022 ni 117 náà kúrò ní ti CVO nìkan, ó wọ inú Low Rider S àti ST. Ó dà bí iṣu tuntun: ọba ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí ọba bá sì ti tọ́ ọ wò tán, ìlú á jẹ iṣu. Ọ̀wọ́n rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹni tí kò bá lówó lónìí lè ní sùúrù.

Ìwọ̀nba kejì ni mo ní ẹjọ́ sí. Ní 2021 ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn, tí wọ́n pè ní Icons. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni Electra Glide Revival, 1,500 péré fún gbogbo ayé, tí owó rẹ̀ lé ní 29,000 dọ́là, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Ó wá láti ṣe ìrántí Electra Glide ti 1969, ọdún tí ìbòjú ńlá iwájú rẹ̀, tí wọ́n ń fi wé ìyẹ́ àdán, kọ́kọ́ hàn. Mo ti wo àwòrán méjèèjì pa pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀dà funfun ara ìbòjú náà, àwọ̀ búlúù ara tánkì, ìjókòó onífúnfun òun dúdú tí ó wà lórí sípíríǹgì: ọwọ́ tí ó ṣe é dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 114 tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn Harley ńlá mìíràn nígbà náà ni ó wà nínú rẹ̀, kò lé, kò dín. Wọ́n pè é ní àjíǹde. Kí ni ó jí?

Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀kú egúngún dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń dá padà sí bí ó ti wà ní ọdún tí a dá a. Ọdọọdún ni a lè rán aṣọ tuntun mọ́ ọn. Ti àtijọ́ a wà lábẹ́, a gbó, a ya, a sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá tí ó dé lónìí fi jẹ́ bàbá àná, tí ó sì tún jẹ́ àlejò òní. Aṣọ tuntun tí a rán kí ó lè jọ ti àtijọ́, tí a wá fi bo ara tuntun, kì í ṣe irú rẹ̀. Aṣọ eré orí ìtàgé ni.

Mo mọ ohun tí a ó fi dá mi lóhùn. A ó ní ẹ́ńjìnnì 1969, èyí tí wọ́n ń pè ní Shovelhead, a máa jo epo sílẹ̀, a máa gbóná, a máa kú sójú ọ̀nà, pé èmi fúnra mi kò ní fẹ́ gùn ún láti Milwaukee dé Madison. Òótọ́ ni, n kò ní fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà sàn ní gbogbo ọ̀nà tí a lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Wọ́n tilẹ̀ fi ohun kan sínú rẹ̀ tí ó ń pa gbígbọ̀n rẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ fún Shovelhead. Ohun tí mo ń bèèrè ni ìdí tí irin tí a lè ṣe 15,000 rẹ̀ láìsí ìyọnu kan fi di 1,500. Férémù kò tán. Ẹ́ńjìnnì kò tán. Ọ̀dà búlúù kò tán. Ilé-iṣẹ́ ni ó pinnu pé kí ó tán, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ìlérí yẹn gan-an ni ọjà tí ó wà lórí àtẹ. Ẹni tí ó san owó rẹ̀ ra àìní ẹlòmíràn.

Ó sì tún ku ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Ní 2018, ẹni tí ó bá fẹ́ ra Fat Boy lásán, tí ẹnikẹ́ni lè rà, ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ́ńjìnnì: 107 ni tàbí 114? Ní 2022 wọ́n gbé Low Rider El Diablo jáde, 1,500 náà ni, pupa ni. 117 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sí yíyàn. Low Rider ST tí kò ní nọ́ńbà kankan, tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní ọdún kan náà, ní 117 yẹn gan-an. Ní 2024, Hydra-Glide Revival, 1,750: 114, kò sí yíyàn. Bí owó bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a lè yàn ń dín kù. Ẹni tí ó ń ra èyí tí ó wọ́n ni wọ́n ń fún ní ohun tí wọ́n bá fún un, ó sì tún ń dúpẹ́ pé ó kan òun. Mo ti rí irú rẹ̀ níbi aṣọ ẹbí, n kò rò pé mo ní láti ṣàlàyé.

Kò di dandan kí ó rí báyìí. Ní 2004 Honda gbé Valkyrie Rune jáde. Mo kà á sí iṣẹ́-ọnà gidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tèmi kò fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ó gùn jù, ó sì fẹ́ràn dígí. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ti Gold Wing, 1,832 cc, ni wọ́n mú, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Wọ́n fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀ tí ó fi ń mí, mẹ́fà lápapọ̀, nígbà tí méjì péré wà lára Gold Wing. Apá iwájú tí ó gbé táyà kò jọ ti alùpùpù mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè rà nígbà náà. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ fún àfihàn, wọ́n sì pinnu láti ṣe àwòrán náà bí ó ti wà, kí ó ná wọn ní ohun tí yóò ná wọn. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò lè pọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti kéde pé kò ní pọ̀. Triumph ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbìyànjú ní 2019 pẹ̀lú Rocket 3 TFC, 750 péré, sílíńdà mẹ́ta, 2,458 cc. Wọ́n fi agbára díẹ̀ kún ti inú rẹ̀ ju ti Rocket 3 tí gbogbo ènìyàn wá lè rà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Àárín méjì ni mo fi èyí sí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìtà ni ó ń sọ ohun di ọ̀wọ́n. XLCR tí Harley gbé jáde ní 1977, dúdú láti òkè dé ilẹ̀, kì í ṣe alùpùpù ìgbafẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn oníbàárà wò ó, wọ́n sì kọjá lọ. Lónìí àwọn tí ó ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ ń wá a kiri. Ọ̀wọ́n rẹ̀ kò ní ètò, kò sì sí ìlérí nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni mo fẹ́ dé báyìí. Alùpùpù ìgbafẹ́ tí ojú ayé mọ̀ jù lọ kò ti inú ilé-iṣẹ́ kankan jáde gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n. Inú fíìmù Easy Rider ti 1969 ni ó wà: èyí tí apá iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí a ya àsíá Amẹ́ríkà sí tánkì rẹ̀, tí Peter Fonda gùn. Alùpùpù ọlọ́pàá àlòkù ni wọ́n rà ní gbàǹjo ní Los Angeles. Ẹ́ńjìnnì Panhead ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí Harley ṣe láti 1948 títí di 1965, ọjà ọ̀pọ̀, irin ìjọba. Àwọn tí ó sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ ni Ben Hardy àti Cliff Vaughs, aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Hardy ni ó ní ṣọ́ọ̀bù. Vaughs ti bá wọn jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù kí ó tó dé ibẹ̀. Wọ́n gé irin, wọ́n na irin, wọ́n yọ ohun tí kò wúlò dànù. Fíìmù náà jáde, ó pa owó rẹpẹtẹ. Nígbà tí ó fi orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ hàn, kò sí orúkọ Hardy, kò sí ti Vaughs. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn níta gbangba. Hardy ti kú láti 1994.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni ó wá sí mi lọ́kàn, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Ilẹ̀ Ọba ní Wembley ní 1924, tí ẹnu ya gbogbo àwọn tí ó rí i, tí wọn kò sì kọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ tí ó gbẹ́ ẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. A mọ bí irú rẹ̀ ti ń rí lára.

Ọdún méjì lẹ́yìn fíìmù náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń ta alùpùpù ti 1971, Willie G. Davidson, ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀, gbé Super Glide jáde. Ó mú férémù àti ẹ́ńjìnnì Electra Glide ńlá, ó fi apá iwájú tẹ́ẹ́rẹ́ ti Sportster sí i. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe nínú gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, òun náà kò sì fi í pa mọ́ pé ojú pópó ni òun ti rí i. N kò bá Davidson jà. Ó ní ojú, ó sì gbọ́ ohun tí ìgboro ń sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ ti mọ̀ pé a lè mú ohun tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ẹyọ kan, kí a ṣe é ní 1,500, kí a sì ta á padà fún un pẹ̀lú nọ́ńbà. Nǹkan tí ó dá dúró nítorí ọwọ́ tí ó ṣe é wá di nǹkan tí ó dá dúró nítorí ìwé tí ó bá a wá.

Nọ́ńbà kò sì mọ ohun tí ó ń kà. Ní 1977, kò tíì tó ọdún 10 lẹ́yìn Easy Rider, ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ìwọ̀nba alùpùpù tí wọ́n pè ní Confederate Edition, tí àsíá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ó jagun nítorí pé wọn kò fẹ́ fi ẹrú sílẹ̀ wà lára tánkì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kéré níye, nítorí náà ó wọ́n, nítorí náà àwọn kan ń fi owó gidi wá a. Bí ó bá jẹ́ pé iye nìkan ni ó ń sọ ohun di iyebíye, ohun tí a ó máa gbé gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Mo dúró níbí nítorí pé ọ̀rẹ́ kan sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ irin ni mo ń sọ, kí n má kó ẹ̀yà wọ̀ ọ́. Èmi kọ́ ni mo kó o wọ̀ ọ́. Ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún sí tánkì.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo sí àwọn tí ó ń rà á. Mo bá díẹ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí a lọ sí Milwaukee, wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun sọ fún mi pé ọdún 40 ni òun fi ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ bébà, òun kò sì ní ohun kankan láyé tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn kò ní, àyàfi nọ́ńbà yẹn. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn, n kò sì dá a lóhùn. Mo bi í bóyá ó ti gùn ún jìnnà. Ó ní bí ó bá gùn ún púpọ̀, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ a dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí àbúrò mi lè mu sìgá tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n dán ohun kan wò. Mo di ojú mi, mo ní kí ó máa sọ fún mi, bí wọ́n bá ti ń ti inú ọgbà jáde, èwo ni ó jẹ́ oníwọ̀nba. Ìkíní kọjá. Ìkejì kọjá. Mo ní ìkejì ni.

“Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ìkíní ni.”

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbà á, mo sì rò pé àbá lásán ni. Ìgbà tí ó di ìkarùn-ún, ohun kan dé tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Ó ń dún bí ẹni tí ó ń kọ́sẹ̀ tí kò sì ṣubú, irin kan ń mì nínú rẹ̀, ìdákẹ́ àárín rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti kú kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Mo la ojú. Alùpùpù àtijọ́ kan ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ẹnì kan ti fi wáyà so sàlẹ́ńsà rẹ̀ mọ́ férémù. Obìnrin ni ó gùn ún, epo dúdú ti rin ọwọ́ òsì aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó dúró ní iwájú iná pupa, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka yí ohun kan lára ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀, ó tẹ́tí sí i, ó tún un yí padà. Iná di àwọ̀ ewé. Àbúrò mi bi mí pé nọ́ńbà mélòó ni mo rò pé ó wà lára ìyẹn.